Bàbá Wálé, Ọ̀gá Jáàsì

Àwọn tó wà níbẹ̀:
BÀBÁ WÁLÉ, ọ̀gá orin jáàsì (jazz). Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè náà.
ÌYÁ WÁLÉ, aya rẹ̀, tó fẹ́ sùn.
LÀMÍDÌ, àlejò tó ní òun ò ní í pẹ́.

(Òru ti jìn. Àwo ń yí lórí ẹ̀rọ, fèrè ń ké. Làmídì ti dìde láti máa lọ lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá Wálé sì ti fà á jókòó lẹ́ẹ̀mẹta.)

LÀMÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n, orin yìí dùn o. Ó ń tù mí lára.

BÀBÁ WÁLÉ: Ó ń ṣe kí ni?

LÀMÍDÌ: Ó ń tù mí lára, sà.

BÀBÁ WÁLÉ: Miles Davis ló ń fọn fèrè yẹn! Àwo Kind of Blue! Ọdún 1959! Coltrane wà níbẹ̀, Cannonball Adderley wà níbẹ̀, Bill Evans wà nídìí dùùrù, o wá ń sọ pé ó ń tù ẹ́ lára. Ṣé ìpara ni?

LÀMÍDÌ: Ẹ má bínú, sà. Ó ń ni mí lára.

BÀBÁ WÁLÉ: Ìyẹn sàn díẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan nínú oṣù kẹta, ìkejì nínú oṣù kẹrin.

ÌYÁ WÁLÉ: (láti inú yàrá) Bàbá Wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù!

BÀBÁ WÁLÉ: Mo ti dín in kù!

(Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wo ọwọ́ rẹ̀. Kò kúrò lórí itan.)

BÀBÁ WÁLÉ: Sún mọ́ mi, kí n sọ àṣírí kan fún ẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ń falẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé e sórí ẹ̀rọ tó pé, orin mẹ́ta tó wà lójú kìíní àwo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ohùn wọn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe.

LÀMÍDÌ: Ọdún 33! Àwọn tó ń gbọ́ ọ ò fura?

BÀBÁ WÁLÉ: Èmi fura.

ÌYÁ WÁLÉ: Irọ́ o! Àná lẹ kà á!

BÀBÁ WÁLÉ: (ó rẹ ohùn sílẹ̀) Obìnrin yìí ò kí ń sùn. Ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ fún ẹ rèé, Làmídì: jáàsì tó dùn jù láyé, ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ló ti wá. Ṣé o mọ Keith Jarrett?

LÀMÍDÌ: Ṣé òun náà ń fọn fèrè ni?

BÀBÁ WÁLÉ: Dùùrù! Oṣù kìíní ọdún 1975, ìlú Köln, ní Jámánì. Dùùrù tó ní kí wọ́n gbé wá kọ́ ló bá níbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ kéré, ohùn òkè rẹ̀ há, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò rinlẹ̀, ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ọmọbìnrin tó ṣètò eré náà, tí kò tíì pé ogún ọdún, ló ń bẹ̀ ẹ́. Ó bá jókòó. Kò ní orin kankan lọ́kàn. Ó yẹra fún ibi tó bàjẹ́, ó fi ibi tó kù dá orin tó lé ní wákàtí kan. Nínú gbogbo àwo tí ẹnìkan dá fi dùùrù ṣe, kò sí èyí tó tà tó o!

(Ó pààrọ̀ àwo. Wọ́n ń gbọ́. Làmídì dẹ etí.)

LÀMÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń kérora nínú ẹ̀?

BÀBÁ WÁLÉ: Jarrett ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

LÀMÍDÌ: Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ún ni?

BÀBÁ WÁLÉ: Ẹ̀yìn ń dùn ún lóòótọ́, kódà ó de nǹkan mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn kọ́ nìyí. Ayọ̀ ni!

ÌYÁ WÁLÉ: Ayọ̀ wo? Àìsùn ni!

BÀBÁ WÁLÉ: Àìsùn kẹ̀? Aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré!

ÌYÁ WÁLÉ: Wọ́n sanwó fún un. Ta ló ń sanwó fún ẹ̀yin?

BÀBÁ WÁLÉ: Má dá a lóhùn. Wo Ella Fitzgerald, akọrin. Berlin, 1960. Ó dé àárín orin, ọ̀rọ̀ orin fò lọ lórí ẹ̀.

LÀMÍDÌ: Háà! Ó wá dákẹ́?

BÀBÁ WÁLÉ: Ta ní dákẹ́! Ó ń hun ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sí i, ó ń fi orin sọ pé òun ti gbàgbé, ó tún ń sín ohùn Louis Armstrong, akọrin mìíràn, jẹ. Ẹ̀bùn orin Grammy méjì ni wọ́n fún un lórí eré yẹn!

LÀMÍDÌ: Èmi gbàgbé ìdáhùn nínú ìdánwò, òdo ni wọ́n fún mi.

BÀBÁ WÁLÉ: Ṣé o kọ ọ́ lórin? Kò burú. Ti Dizzy Gillespie ńkọ́? Ọdún 1953, ẹnìkan ṣubú lu fèrè ẹ̀, ẹnu fèrè kọ sókè. Ó fọn ọ́n báyìí, ohùn ẹ̀ wù ú. Ó ní kí wọ́n máa rọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún òun títí ayé!

ÌYÁ WÁLÉ: Ẹ jẹ́ kí n ṣubú lu ẹ̀rọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, bóyá á dùn sí i.

(Bàbá Wálé fi ara bo ẹ̀rọ. Làmídì rí ààyè, ó fa àwo kan yọ.)

LÀMÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n! Èyí ni mo mọ̀! Take Five!

BÀBÁ WÁLÉ: Gbé e sílẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

LÀMÍDÌ: Ẹsẹ̀ yín ti ń lu ilẹ̀, a ò sì tíì fi sí i.

BÀBÁ WÁLÉ: Mò ń kà á ni. Ìlù ẹ̀, márùn-ún márùn-ún ló ń lọ, òpè ò lè kà á. Gbogbo ayé sì rò pé Dave Brubeck, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, ló kọ ọ́. Paul Desmond, afọnfèrè ẹ̀, ni! Nígbà tó sì máa kú, ó fi owó tó ń wọlé lórí ẹ̀ sílẹ̀ fún Red Cross. Ìwà ẹ̀ dáa ju orin ẹ̀ lọ. Akọni orin rèé: Ornette Coleman, àwo Free Jazz. Ẹgbẹ́ méjì, ẹni mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan nínú sípíkà òsì, ọ̀kan nínú tọ̀tún, gbogbo wọn jọ ń lu ú fún ìṣẹ́jú 37!

(Ó fi sí i. Làmídì gbé orí sáàárín sípíkà méjèèjì. Ojú rẹ̀ yí padà.)

LÀMÍDÌ: Ẹ̀gbọ́n, ìjà ni. Kí ẹnìkan lọ là wọ́n.

BÀBÁ WÁLÉ: Òmìnira ni!

ÌYÁ WÁLÉ: Bi í léèrè bí ó bá ti gbọ́ ọ dópin rí.

BÀBÁ WÁLÉ: (ó sáré yọ ọ́) Sonny Rollins ló kàn! Ẹ kú etí o. Ọdún 1959, òkìkí ọkùnrin yìí ń kàn, ó kúrò lágbo, ó ní òun ò tíì mọ fèrè fọn tó. Ní New York, lórí afárá Williamsburg, ibẹ̀ ló ń lọ fọn ọ́n, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nínú òtútù, títí di 1961. Nígbà tó padà, ó gbé The Bridge jáde ní 1962. Ẹni tó fẹ́ràn orin nìyẹn!

LÀMÍDÌ: Kí ló dé tí kò fọn ọ́n nílé?

(Bàbá Wálé húkọ́.)

BÀBÁ WÁLÉ: Jẹ́ ká gbọ́ dùùrù Monk.

ÌYÁ WÁLÉ: (ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá gbera) Rárá o. Ẹ dá ọmọ yìí lóhùn.

BÀBÁ WÁLÉ: Aládùúgbò ẹ̀ kan… lóyún.

ÌYÁ WÁLÉ: Mi ò gbọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè bí ẹ ṣe ń yí ẹ̀rọ sókè.

BÀBÁ WÁLÉ: Kò fẹ́ fi ariwo yọ ọ́ lẹ́nu.

ÌYÁ WÁLÉ: Ṣé ìyàwó ẹ̀ ni?

BÀBÁ WÁLÉ: Rárá.

ÌYÁ WÁLÉ: Àbúrò ẹ̀?

BÀBÁ WÁLÉ: Aládùúgbò lásán ni.

ÌYÁ WÁLÉ: Làmídì, bá mi di sípíkà yẹn mú.

LÀMÍDÌ: Níbo là ń gbé e lọ, mà?

ÌYÁ WÁLÉ: Afárá.

BÀBÁ WÁLÉ: Ìyá Wálé! Òtútù ń mú níta o!

ÌYÁ WÁLÉ: Rollins lo nǹkan bí ọdún méjì níbẹ̀. Ẹ̀yin, kí ilẹ̀ ṣáà ti mọ́.