Q Ti Kọ U Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n orí fóònù, mo júbà o. Ìgbà tí mo débi ìkómọ kan n'Íbàdàn ní Sátidé tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ yín kì í ṣe kékeré.

Àbúrò ìyàwó mi ló jókòó tì mí. Wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì ka iwájú rẹ̀, ooru ń rú lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni ò bojú wo ibẹ̀. Ó ti ti ọwọ́ ọ̀tún bọ omi ìfọwọ́, ibẹ̀ lọ́wọ́ náà wà, ó ń fi òsì tẹ fóònù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní Houston ni wọ́n jọ ń ta Scrabble, eré tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà tó ní máàkì to ọ̀rọ̀. Àmàlà dì. Ọwọ́ ṣì wà nínú omi. Àdúrà ọmọ tuntun ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ nígbà tó lọgun pé, "Mo ti rí i! Q tí ò ní U!"

Màmá kan lẹ́yìn wa ní, "Àmín láṣẹ Olúwa."

Mo ní kí ló rí. Ó ní QI. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú dikiṣọ́nárì."

"Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Máàkì 11 ni, ẹ̀gbọ́n."

Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi bá ọlọ́pọlọ jiyàn? Ọmọ Nàìjíríà ṣáà ni Wellington Jighere tó gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé ní Perth, ní Ọsirélíà, lọ́dún 2015, tí Ààrẹ Buhari fi pè é láti kí i kú oríire. Ọdún kan náà ni Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ ti èdè Faransé, bẹ́ẹ̀ baba yìí ò gbọ́ Faransé. Ó há dikiṣọ́nárì wọn sórí ni. Mo bọ̀wọ̀ fún irú wọn, wọ́n jìyà iṣẹ́ wọn. Àna tèmi ò há nǹkan kan sórí. Google ló ń bá a há a. Á tẹ lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù á pọ ọ̀rọ̀ jáde bí ẹ̀rọ ìlọta, òun á wá fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi pálí aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ yẹ́lò sórí status yín láràárọ̀ pé ẹ gba Wordle, eré ìméfò ọ̀rọ̀ orí fóònù, ní ìgbìyànjú kẹta, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ń dùn mí gan-an. Ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa kọ́ wa pé tọkọtaya ni Q àti U. Ibi tí ọkọ bá ń lọ, ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn. QUEEN. QUICK. QUESTION. Ó wá ní ká kọ QUEUE. Mo kọ QEUE. Ṣé U ò sí níbẹ̀ ni? Ó wà níbẹ̀, ó kàn jìnnà sí ọkọ rẹ̀ díẹ̀ ni, E wà láàárín wọn. Tíṣà ní mo fi àlè sáàárín tọkọtaya. Ẹgba 6 ni mo jẹ. Mẹ́ta fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ Q kí n má wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ìyàwó ń bọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń bá wọn ṣọ́lé.

Àṣé Q ti kọ U sílẹ̀! Àṣé tipẹ́tipẹ́ ló ti ń rìnrìn àṣemọ́jú! Nínú QI, I ló gbé wọlé. Nínú QAT, A ni. Nínú QOPH, O ni. Nínú FAQIR, ó dùbúlẹ̀ sáàárín A àti I, ó kọjú sí ọ̀tún, ó kọjú sí òsì, bí ọkọ oníyàwó méjì. Nínú TRANQ, ó lọ dá sùn sí ìparí, kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ará. Ta ló bá wọn dá sí i? Owó orí U dà? Ẹ tiẹ̀ yẹ inú àpò Scrabble wò: Q kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, U mẹ́rin. Ìyàwó mẹ́rin! Ọkọ ní máàkì 10, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní 1. Bàbá yìí tún ń jáde. Èmi ni wọ́n nà.

Kò tíì tán. Ọmọ Ìlọrin ni àna mi. Ó tún tẹ fóònù, ó ní òun rí QADI. Mo ní kí nìyẹn, ó kà á, ó ní adájọ́ àwọn Mùsùlùmí ni. Kádì! Kádì tí wọ́n ń pè létí rẹ̀ láti kékeré. Wọ́n gbé Q wọ̀ ọ́ bí agbádá, ọmọ ò dá bàbá mọ̀ mọ́.

Nígbà tiwa, àlọ́ la fi ń dán ọpọlọ wò. Òkun ń hó, ọ̀sà ń hó, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, o ò mọ̀ ọ́n nìyẹn, wọn á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí oorun á fi gbé ọ lọ. Kò sí fóònù tí wàá sá lọ bá lábẹ́ tábìlì. Ọmọrogùn ni ìdáhùn rẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi ro àmàlà tí àna mi jẹ́ kó dì.

Wọ́n wá kéde orúkọ ọmọ: Gbọ́láhàn. A pariwo, a kí bàbá ọmọ, a kí ìyá ọmọ. Àna mi fa àpòòwé yọ láti fowó sí i, ó mú báírò, ó kọ BOLAHAN sí i lára gàdàgbà.

Mo ní, "G dà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í dún."

Kì í dún! Lẹ́tà 25 ló wà nínú ábídí Yorùbá. Kò sí Q níbẹ̀, kò sí C, kò sí V, kò sí X, kò sí Z. Àwọn tí kò bá wa gbélé rárá lo fi odindi ọ̀sán wá kiri. GB tó jẹ́ lẹ́tà kan gédégbé, tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá, òun ni kì í dún? Kí lo wá ń pe ọbẹ̀ tó wà níwájú rẹ yìí? Bẹ̀gìrì? Bàbá tó bí ọ, ṣé Kádì ni àbí Qádì? Orí mi gbóná débi pé ìyàwó mi ní láti fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì.

Ọmọ náà fi G sí i nígbẹ̀yìn. Ó kéré, ó rọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni fi àlejò sí yàrá ẹ̀yìn.

Tíṣà mi ọjọ́sí ṣì wà láyé, ó ti fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ sì le. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ kí i. Mo ti ní kí àna mi bá mi wá gbogbo Q tó ń dá sùn. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì ti dà wọ́n kọ sórí pépà ní lẹ́tà ńlá, kí bàbá lè rí i kà. Ẹgba 6 ni. N ò ní gba owó.