Íǹṣì kọ́ ló wà nínú duodenum

Lánàá ni àbúrò mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń ka ìwé sókè létí mi nípa duodenum, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré: "Duodenum, íǹṣì méjìlá ni gígùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀." Mo ní kí ló wí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn." Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn! Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní máàkì. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ìka ni, kì í ṣe íǹṣì. Ìbú ìka ọwọ́ méjìlá tí a tò ti ara wọn. Herophilus, oníṣègùn Gíríìkì tó ń la òkú wò ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ló fi ìka méjìlá pe ibi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àpòlúkù. (Ó dáa, ìwé tirẹ̀ ti sọnù, ẹnu Galen, oníṣègùn Gíríìkì mìíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, la ti gbọ́ ọ.) Ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tó ń kọ èdè Lárúbáwá kọjá, títí Gerard ará Cremona, ẹni tó kú ní 1187, fi túmọ̀ ìwé Ibn Sina, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn yẹn, sí Látìn. Ní Látìn, duodenum digitorum ni gbólóhùn náà ní kíkún: àyè ìka méjìlá. Nígbà tó yá, ìka já sọnù nínú orúkọ, ó ku méjìlá nìkan. Ẹni tó dé lẹ́yìn, tó bá méjìlá láìbá ohun tí wọ́n kà, ló fi íǹṣì dí àlàfo.

Àwọn ará Jámánì kò jẹ́ kí tiwọn já: Zwölffingerdarm, ìfun oníka méjìlá. Ìka yìí kan náà wà nínú orúkọ tí àwọn ará Jàpáánì ń pè é. Tó bá jẹ́ íǹṣì ni, ta ló wá kó ìka sí wọn lẹ́nu?

Wọ́n á ní ṣebí tí a bá wọ̀n ọ́n, kò jìnnà sí íǹṣì méjìlá. Lóòótọ́, 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ṣé Mẹ́fà lorúkọ rẹ̀ ni?

Mo gbé ìka mẹ́rin lé etí tábìlì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo ní kí àbúrò mi fi rúlà wọ̀n ọ́n. 23 sẹ̀ǹtímítà. Tirẹ̀ kò tiẹ̀ ju 20 lọ, kò pé íǹṣì mẹ́jọ. Ó wo rúlà, ó wo ìwé rẹ̀, kò pa nǹkan kan rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣe ìdánwò tán ná."