Kílò mélòó ni?

Inú ń bí mi láti àná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí, bóyá á kúrò lọ́kàn mi.

Mo kó táàpù mẹ́ta tó ti bàjẹ́ lọ sọ́dọ̀ Àlàájì tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù ní Láfẹ́ńwá. Ó na mágínẹ́ẹ̀tì sí wọn, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi fáìlì ha ìdí ọ̀kan, funfun ara ẹ̀ ṣí, àwọ̀ bíi wúrà yọ lábẹ́. "Idẹ ni." Ó jù wọ́n sórí ìwọ̀n.

Níbi tí mo ti ń dúró de owó mi ni fọ́tò kan ti yọ lórí fóònù mi: ère idẹ tí Henry Moore, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe, tó dojú kọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1967. Ègé ńlá méjì ló dúró síra wọn, kò lójú, kò nímú. Mo fi han Àlàájì. Ó wò ó títí.

"Kílò mélòó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Ohun tí àwọn olè rò náà nìyẹn tí wọ́n fi wọ ọgbà Moore ní Perry Green, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù Kejìlá 2005. Kireni ni wọ́n fi gbé ère idẹ rẹ̀ mìíràn sọ́kọ̀ lóru. Tọ́ọ̀nù méjì! Ère tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn, ọlọ́pàá ní ó jọ pé wọ́n ti yọ́ ọ tà, owó ẹ̀ ò sì ní ju 1,500 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní òyìnbó mọyì ère jù wá lọ, ẹ ǹlẹ́ o.

Mo ní, "Àlàájì, Olúmọ ńkọ́? Ta ló jọ? Òun náà ò lójú, a sì ń sanwó ká tó gùn ún." Mo rò pé mo ti mú un.

Ó ń ka owó mi lọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Nígbà tí ogun lé àwọn bàbá wa débí ní 1830, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n forí pamọ́ sí. Ta ló sá sábẹ́ ère tìẹ yẹn rí?"

Mo gba owó, mo dákẹ́.

Lálẹ́, mo tún ṣí fọ́tò yẹn. Àlàfo tóóró kan wà láàárín ègé méjèèjì. Bóyá òjò ti ká ẹnìkan mọ́bẹ̀ rí.