Kì í ṣe gbogbo Harry Potter ni fíìmù ọmọdé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn òbí Àkúrẹ́ mọ́ pé fíìmù ọmọdé ni Harry Potter látòkèdélẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n, láti 2001 sí 2011, wọn ò sì rí bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, òǹtẹ̀ PG (kí òbí tọ́ ọmọ sọ́nà) ni wọ́n fún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin (2005) ló di PG-13, ìkìlọ̀ fún òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13: wọ́n pa ọmọ ilé ìwé kan níbẹ̀, òkú rẹ̀ sì hàn kedere. Ìkarùn-ún àti méjì tó gbẹ̀yìn náà, PG-13 ni. Tí ẹ bá ra àwo tó kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ l'Ọ́jà Ọba, ìkíní ni kí ọmọ kékeré wò. Ejò ńlá àti aláǹtakùn ti wà nínú ìkejì. Ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín.