Ta Ló Sọ Pé Ìjà Ọ̀lẹ Ni Mímú Ẹsẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá ọmọkùnrin kan wá bá mi níbi tí a ti ń ṣe ìdánrawò ní Ìkòròdú, lẹ́yìn Sábó. Ó ní òun fẹ́ yọ ọmọ òun kúrò. Mo bi í pé kí la ṣe. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe júdò rí ló pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé jiu-jitsu tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ká fún èèyàn níbẹ̀. Pé ìjà ọ̀lẹ ni. Pé ẹni tí kò lágbára láti gbé ẹlòmíì ṣánlẹ̀ ló máa ń jókòó sílẹ̀ wá ẹsẹ̀ mú, àti pé ẹni tó bá pẹ́ nídìí ẹ̀, ọ̀pá ló máa fi rìn lọ́jọ́ alẹ́.

Mo mọ ẹ̀gbọ́n náà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi béèyàn ṣe ń ṣubú láì farapa. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn, lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn, àti lẹ́nu àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò kan máàtì rí láyé. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan.

Fún ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ: ìjà ilẹ̀ ni jiu-jitsu. Leg lock, ìyẹn mímú ẹsẹ̀ yẹn, ni pé èèyàn méjì ń jà nílẹ̀, ọ̀kan rí ẹsẹ̀ ìkejì há, ó wá na ọrùn ẹsẹ̀ tàbí orúnkún ẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó nà dé, tàbí kó há gìgísẹ̀ mọ́ ìgúnpá kó sì lọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n mú á fọwọ́ lu máàtì pé ó tó, wọ́n á tú u sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lọ́ gìgísẹ̀ yẹn là ń pè ní heel hook, òun ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù.

Ilé àwọn ẹ̀gbọ́n gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1882 ni Jigoro Kano dá ilé ìkọ́jà kan tó ń jẹ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo, ibẹ̀ ni júdò ti wá. Nínú júdò yìí, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Katame-no-kata. Ẹni méjì ló ń ṣe é, ọ̀wọ̀ọ̀wọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti fi hàn pé wọ́n mọ ìjà ilẹ̀ dénú. Ọgbọ́n 15 ló wà nínú ẹ̀: márùn-ún fún dídi èèyàn mọ́lẹ̀, márùn-ún fún fífún lọ́rùn, márùn-ún fún oríkèé ara. Ẹ wá bi mí pé kí ni wọ́n fi parí ẹ̀, ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ashi-garami ni. Ẹni tó ń ṣe é á fi ẹsẹ̀ tiẹ̀ hun ẹsẹ̀ ìkejì bí ẹní ń hun agbọ̀n, á wá yí ìbàdí láti fi lọ́ orúnkún yẹn. Leg lock ni, kò lórúkọ míì. Àwọn tó ní bẹ́líìtì dúdú ṣì ń ṣe é títí dòní, níwájú àwọn àgbà júdò, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní ìjà ọ̀lẹ ni, ẹni tó dá júdò sílẹ̀ lẹ ń bú yẹn.

Ohun tí júdò ṣe ni pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó nínú ìdíje. Òfin ìdíje nìyẹn, òfin ìdíje sì máa ń yí. Kó tó di ọdún 2010, ẹni tó ń ṣe júdò lè fọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ èèyàn mú kó sì fi í ṣubú. Ọdún yẹn ni àjọ júdò àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè é, nígbà tó fi máa di 2013 wọ́n ti fòpin sí i pátápátá. Èmi fúnra mi, mo fojú mi rí ẹ̀gbọ́n yìí tí wọ́n já wọlé sábẹ́ ọkùnrin kan, wọ́n kó ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbé e ṣánlẹ̀, gbogbo wa hó yèè. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n lọ́jọ́ náà? Àbí ìgbà tí òfin yí ni wọ́n di ọ̀lẹ?

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tiẹ̀ tó ń kọ̀. Vasili Oshchepkov, ará Rọ́ṣíà, ní Kodokan yìí kan náà ló ti gba bẹ́líìtì dúdú lọ́dún 1913. Ohun tó kọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe sámbò, ìjà àwọn ará Rọ́ṣíà, tí ìjọba Soviet fọwọ́ sí lọ́dún 1938. Sámbò gbà kéèyàn na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìdíje sámbò ti eré ìdárayá, o ò gbọdọ̀ fún ẹnì kankan lọ́rùn. Júdò gbà kéèyàn fúnni lọ́rùn, kò gba ẹsẹ̀. Ìjàkadì Greco-Roman tí wọ́n ń jà ní Òlíńpíìkì kò tiẹ̀ gbà kí ọwọ́ ẹ kan nǹkan tó wà nísàlẹ̀ ìbàdí. Ohun tí ilé kan kọ̀ ni ilé kejì fi ń jẹun, kálukú wá ń fi òfin ilé ẹ̀ bú aládùúgbò.

Àwọn míì á ní àwọn bàbá wa kì í ṣe é, pé Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, pé kò sẹ́ni tó mú ẹsẹ̀ lọ́ níbẹ̀. Lóòótọ́. Nínú ẹkẹ tiwa, bí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí. Tí ìjà bá ti parí kẹ́ ẹ tó dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ ta lẹ fẹ́ lọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí wọ egungun ni ọ̀rọ̀ Brazil, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gàn yìí ti kó wọnú jiu-jitsu fúnra ẹ̀. Mitsuyo Maeda, ọmọ Kodokan, dé Brazil lọ́dún 1914, ó kọ́ àwọn èèyàn níjà ní Belém. Ìlà kan tó ti ọwọ́ ẹ̀ wá ni ti ìdílé Gracie, tí gbogbo ayé mọ̀. Ìlà kejì gba ọwọ́ Luiz França dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Oswaldo Fadda. Fadda kì í ṣe ọmọ ìdílé ńlá. Ó ń kọ́ àwọn tálákà ní Bento Ribeiro, ẹ̀yìn Rio de Janeiro, níbi tí àwọn tó ń wọkọ̀ ojú irin lọ síṣẹ́ ń gbé, àwọn tí kò lówó láti wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ tó wà láàárín ìlú. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, Fadda kó àwọn ọmọ ẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ Gracie fìjà pẹẹ́ta, wọ́n sì nà wọ́n. Ohun tí wọ́n fi nà wọ́n jù ni ọrùn ẹsẹ̀: wọ́n há a, wọ́n nà án, ẹni yẹn lu máàtì.

Kí wá ni wọ́n fi san án fún wọn? Wọ́n pè é ní ọgbọ́n àwọn ará ẹ̀yìn ìlú. Orúkọ yẹn dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Brazil, tó o bá na ẹsẹ̀ èèyàn níbi ìdánrawò, wọ́n á wò ẹ́ bí ẹni tó jalè, wọ́n á hó lé ẹ lórí nínú ìdíje.

Ẹ fi èyí wé nǹkan míì tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan náà. Lọ́dún 1951, Masahiko Kimura, ará Japan tó jẹ́ ọ̀gá nínú júdò, bá Hélio Gracie jà ní pápá ìṣeré Maracanã ní Rio. Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó lọ́ ọ sẹ́yìn títí àwọn èèyàn Hélio fi ju táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Àwọn Gracie wá fi orúkọ Kimura pe ọgbọ́n yẹn láti fi yẹ́ ẹ sí, a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní. Ọ̀gá ńlá láti òkè òkun lọ́ apá wọn, wọ́n yìn ín. Ọmọ tálákà láti ẹ̀yìn ìlú na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Èmi tí mò ń gbé Ìkòròdú, tí àwọn ará Èkó ń bi bóyá ọkọ̀ ojú omi ni mo bá wá, mo mọ bí irú ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ní ADCC ọdún 2019, ìdíje ìjà ilẹ̀ tó le jù láyé, ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Lachlan Giles wọ ìsọ̀rí tí wọn kì í ti í wo ìwọ̀n ara. Ìsọ̀rí àwọn tí kò ju 77 kílò lọ ló ti kọ́kọ́ jà, kò sì rí àmì-ẹ̀yẹ kankan gbà níbẹ̀. Àwọn tó wá pàdé níbi tí wọn kì í ti í wo ìwọ̀n yìí, bí òkè ni wọ́n rí. Kaynan Duarte, tó gba wúrà àwọn tó lé ní 99 kílò lọ́dún yẹn, Giles fi heel hook mú un. Ó mú Patrick Gaudio. Ó mú Mahamed Aly, ó sì gba ipò kẹta. Ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ìwọ̀n tó pọ̀ jù ú lọ, gìgísẹ̀ ni gbogbo wọn fi ṣubú. Àwọn tó ń sọ pé kò lè mú alágbára, kí wọ́n lọ wo ó.

Mo ní tèmi náà. Kílò 68 ni mí. Bíríkìlà kan máa ń wá bá wa láti Ọdọ́gùnyàn, ó lé ní 100 kílò, ọwọ́ ẹ̀ bíi pátákó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé mi, ó sọ mí sílẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé mi lórí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ̀ mọ́ tapólì tí a fi bo fóòmù, òógùn ẹ̀ ń kán sí mi lójú, mi ò lè mí. Kò sí nǹkan tí mo mọ̀ nínú júdò tó lè gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kúrò. Mo fi orúnkún mi wá àyè díẹ̀díẹ̀, mo sá wọ abẹ́ ẹ̀, mo fi itan méjèèjì há itan ẹ̀ ọ̀tún, ó sì jókòó. Gìgísẹ̀ ẹ̀ bọ́ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá mi, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mi ò tíì lọ́ ọ rárá, mo kàn fún un mọ́ àyà, ó wo ojú mi, ó lu máàtì lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù méje gbáko ni mo fi kọ́ bí itan ṣe ń há itan kí n tó fọwọ́ kan gìgísẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pe iṣẹ́ yẹn ní ọ̀lẹ, kò tíì ṣe é wò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé leg lock ló ń sọni di arọ. Orúnkún òsì mi ti bàjẹ́ rí. Júdò ló bà á jẹ́. A ń ṣe é fún ìdánrawò lásán, ẹnì kan yí wọlé, ó gbé mi, àwa méjèèjì sì ṣubú pọ̀, ó já lu ẹ̀gbẹ́ orúnkún mi. Mo gbọ́ ọ, pọ́, bí igi gbígbẹ. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń tiro lọ síṣẹ́, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ọkọ̀ ní Gáréèjì. Kò sí ẹnì kankan tó sọ pé kí wọ́n fòfin de júdò ní Ìkòròdú.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 wo ìdíje jiu-jitsu mẹ́jọ ní Hawaii, láti 2005 dé 2011. Nínú ìkópa 5,022, ìpalára 46 ni wọ́n rí. Ìgúnpá ló pọ̀ jù, armbar sì ni ohun tó fà á jù, ìyẹn kí wọ́n fi itan há apá kí wọ́n sì nà án. Apá, tí jiu-jitsu, sámbò àti júdò fúnra ẹ̀ gbà láàyè. Wọ́n á ní wọn kì í sábà gba heel hook láàyè nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó dáa, mo gbà. Mo sì gbà pé ìrora heel hook máa ń pẹ́ dé: iṣan orúnkún lè já kéèyàn tó mọ̀ pé ó ń já. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n tètè lu máàtì, kí ẹni tó mú ẹsẹ̀ má sì já a gbà lójijì. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Lọ́dún 2021, IBJJF, àjọ jiu-jitsu tó lórúkọ jù, gbà kí àwọn àgbà tó ní bẹ́líìtì aláwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú máa lò ó níbi tí wọn kì í ti í wọ gi, aṣọ ìjà tó nípọn bíi ti júdò.

Ọmọdé ńkọ́? Òfin àjọ yẹn kan náà ni pé ọmọ tí kò tíì pé 16 ò gbọdọ̀ na ọrùn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti gìgísẹ̀. Òfin yẹn là ń tẹ̀ lé. Ọmọ ọdún 12 ni ọmọ màmá yìí, kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ heel hook. Béèyàn ṣe ń ṣubú ni mò ń kọ́ ọ, bí ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ èmi. Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí fún màmá ẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wò wá títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì sanwó oṣù tó ń bọ̀ kó tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá rí èyí kà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ibẹ̀. Ẹ wọ aṣọ júdò yín wá, kẹ́ ẹ sì mú bẹ́líìtì dúdú yín dání. A óò ṣe Katame-no-kata yẹn pọ̀ níwájú àwọn ọmọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, orúnkún mi òsì tó ti fọ́ rí yẹn gan-an ni màá sì gbé fún yín lọ́.