Ẹ Kọ Iye Owó Skírìn Sára Páálí Fóònù

Tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ polówó fóònù tuntun, kámẹ́rà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, wọ́n á sọ bó ṣe yára tó, wọ́n á sọ bí skírìn ẹ̀ ṣe ń dán, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n dárúkọ iye tẹ́ ẹ máa san lọ́jọ́ tí skírìn yẹn bá já bọ́ tó fọ́. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti máa fi ilé-iṣẹ́ kan wé èkejì.

Ẹnì kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí gbé fóònù ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an, bátìrì ni ò gbé iná dúró mọ́. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní àwọn á pè é. Wọn ò pè. Òun náà wá ń pè wọ́n, ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn, tẹ 1, tẹ 2, ìgbà tó fi máa gbọ́ ohùn èèyàn, ẹni yẹn tún ní kó ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ bá wọn nìyẹn, wọ́n wá ní ṣé kò ní kúkú ra tuntun. Nítorí bátìrì! Ó dùn wá gan-an.

Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o. Fairphone, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Netherlands, gbé Fairphone 5 jáde ní 2023 pẹ̀lú wáràńtì ọdún 5, ọwọ́ lásán lẹ fi máa ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ yọ bátìrì, skrúdíráfà kan ṣoṣo ló kù tẹ́ ẹ máa fi tú ìyókù. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 lọ́dún yẹn kan náà, àpúdéètì àti páàtì. Samsung náà ṣèlérí àpúdéètì ọdún 7 fún Galaxy S24 ní 2024, ìyẹn dáa, àmọ́ ọdún yẹn náà ni iFixit, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn ta páàtì, fi wọ́n sílẹ̀, iFixit ní owó páàtì ti pọ̀ jù, pé bátìrì tí Samsung sì ń kó wá, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ skírìn. Ìyẹn ni pé ẹni tó nílò bátìrì á ra skírìn mọ́ ọn. Kí ni àpúdéètì ọdún 7 fẹ́ ṣe fún fóònù tí bátìrì ẹ̀ ti kú lọ́dún kẹta?

Apple ní tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti lè rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, a ò lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ àwọn náà ló jẹ́wọ́ ní 2017 pé àwọn ń dín eré iPhone tí bátìrì ẹ̀ ti gbó kù láìsọ fún ẹni tó ni ín, ìgbà táwọn èèyàn pariwo ni wọ́n tó já owó bátìrì láti 79 dọ́là sí 29. Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, tí ẹlòmíì bá pààrọ̀ skírìn iPhone 13, Face ID, ìyẹn fífi ojú ẹni ṣí fóònù, ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àfìgbà táwọn èèyàn tún fárígá kí wọ́n tó tún un ṣe.

Èyí gan-an ló ká wa lára jù. Àwọn páàtì kan ní nọ́ńbà tí bọ́ọ̀dù fóònù mọ̀, tí nọ́ńbà ò bá ti bára mu, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé tàbí kó pa nǹkan kan nínú ara ẹ̀, kódà kó jẹ́ ojúlówó skírìn tẹ́ ẹ yọ lára irú fóònù kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní torí olè ni. Òótọ́ ni pé olè ń tú fóònù ta. Àmọ́ Apple fúnra ẹ̀ ti fi iOS 18, ìyẹn ètò tó ń darí iPhone, hàn pé páàtì tó wá lára fóònù tí wọ́n jí ṣeé dá mọ̀ kí wọ́n sì tì í pa, kí tàwọn yòókù máa ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tí ẹni tó fowó ẹ̀ ra fóònù á ṣì máa jìyà olè? Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ti fòfin de àṣà yìí ní 2024.

Láti June 20, 2025, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní kí páàtì wà fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́ títa irú fóònù kan, kó sì tètè dé ọwọ́ ẹni tó béèrè. Fóònù kan náà làwọn ilé-iṣẹ́ yìí ń tà káàkiri, tí wọ́n bá lè ṣe é fáwọn ará Yúróòpù, wọ́n lè ṣe é fún gbogbo èèyàn. Kí ìjọba tí ò tíì ṣe irú òfin yìí tètè ṣe é, kí wọ́n fi kún un pé ibi tí wọ́n ti kọ iye mẹ́mọ́rì sára páálí, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n kọ iye owó bátìrì àti skírìn sí, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí àtúnṣe máa gbà, kí oníbàárà rí i kó tó sanwó.