Ilé Wúrà Kyoto Tí Ẹ Ń Lọ Wò Kò Tíì Pé Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Láàárọ̀ àná, ẹnì kan tó ń múra ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ sí Japan tún kọ ọ́ síta pé òun fẹ́ lọ fojú ara òun rí ilé wúrà tó ti wà ní Kyoto láti ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn sì ń kí i kú oríire. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bàbá mi ju Kinkaku-ji, ilé wúrà inú tẹ́ńpìlì Búdà tí ẹ ń rí nínú fọ́tò yìí, lọ lọ́jọ́ orí, nítorí ọdún 1955 ni wọ́n kọ́ ọ parí.

Ní òru ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1950, ọmọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà Búdà nínú tẹ́ńpìlì náà gan-an ló dáná sun ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe iná tó kàn ra á lára o. Àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn iná náà ṣì wà títí dòní, òpó tó ti di èédú ló kù nínú rẹ̀, ère Ashikaga Yoshimitsu, ọ̀gágun alákòóso Japan tó kọ́ ilé náà láyé àtijọ́, sì jóná mọ́ ibẹ̀. Kí ó tó jóná, òfin Japan kà á mọ́ ìṣúra orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀ kò rí irú oyè bẹ́ẹ̀ gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbà àti adágún tó yí i ká ní oyè tiwọn. Bí àwọn tó ni ín kò bá pè é ní ilé àtijọ́, ta ni yóò wá bá wọn pè é? Wúrà tó ń kọ mànà lára rẹ̀ tilẹ̀ tún kéré sí ilé náà lọ́jọ́ orí: ní ọdún 1987 ni wọ́n parí lílẹ òmíràn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ mọ́ ọn.

Nígbà tí èmi náà dúró létí adágún yẹn, ohun tó kọ́kọ́ mú mi fura ni pé ilé náà mọ́ jù. Lọ́jọ́ kejì mo dé tẹ́ńpìlì Hōryū-ji nítòsí ìlú Nara, níbi tí àwọn ilé onígi tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣì wà ní ìdúró, mo sì rí bí igi tó gbó ṣe ń rí: ó sán, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú.

Àwọn kan yóò ní ìwé tẹ́ńpìlì kọ 1397. Ọdún tí Yoshimitsu gba ilẹ̀ náà nìyẹn. Mo gbà pé àwọn tó tún un kọ́ ní àwòrán ìwọ̀n tí wọ́n ti yà nígbà àtúnṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún lọ́wọ́, nítorí náà ìrísí rẹ̀ lè má jìnnà sí ti àtijọ́. Ìrísí ni mo sọ. Ère ẹyẹ tó ń bẹ lórí òrùlé látijọ́ yọ nínú iná náà ní tirẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáájú. Èyí tí ẹ máa rí lókè níbẹ̀, tuntun ni.